Madam C. J. Walker, Alágbàfọ̀ Tí Ó Di Olùkọ́ Ìtọ́jú Orí

Ìtàn obìnrin kan tí ó ti kú láti ọdún 1919 ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun tí ó mú mi dé ìdí ìtàn náà, nítorí pé àṣìṣe tèmi ni.

Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní sáà tí ó kọjá, kíláàsì kẹrin ni wọ́n fi mí sí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kì í tú aṣọ tí ó fi wé orí, bẹ́ẹ̀ ni òfin ilé ẹ̀kọ́ náà kò fi àyè gba aṣọ náà. Mo pàṣẹ fún un lójú gbogbo kíláàsì pé kí ó tú u. Ó bẹ̀ mí, n kò gbà. Nígbà tí ó tú u, a rí i pé làpálàpá ti jẹ orí rẹ̀ ní ojú mẹ́ta, irun ti re kúrò níbẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti po òrí mọ́ ewé gígún, ó ti fi kùn ún. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lẹ́yìn ọjọ́ náà, ọmọ yìí kò wá sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi tí mo wà lọ́jà gan-an ni mo jẹ́ kí orí ọmọ wọ́.

Ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé mi lọ sí yàrá ìkàwé wa, láti wá ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ nípa àìsàn awọ orí. Níbẹ̀ ni mo ti bá ìtàn Madam Walker pàdé, obìnrin tí irun orí òun fúnra rẹ̀ re, tí ó sì ti ibẹ̀ di olùkọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin.

Sarah Breedlove ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1867 ni a bí i ní Delta, ìletò kan ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, lẹ́bàá odò ńlá Mississippi. Owen ni bàbá rẹ̀, Minerva ni ìyá rẹ̀, ẹrú sì ni àwọn méjèèjì ti jẹ́ nínú oko òwú ibẹ̀. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní ọdún 1865, a sì fi òpin sí oko ẹrú. Nítorí náà Sarah ni ọmọ àkọ́kọ́ tí a bí sí òmìnira nínú ìdílé náà. Ṣùgbọ́n òmìnira ọ̀tọ̀, oúnjẹ ọ̀tọ̀. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìyá ti kú, bàbá sì ti kú. Ó di ọmọ òrukàn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Louvenia. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n sọdá odò lọ sí Vicksburg, Sarah sì ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ kiri. Gbogbo ẹ̀kọ́ ìwé tí ó rí kọ́ nígbà èwe rẹ̀ kò ju ti oṣù mẹ́ta lọ.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rorò púpọ̀. Láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni Sarah ṣe lọ sí ilé ọkọ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Moses McWilliams ni orúkọ ọkọ náà. Ní ọdún 1885 ó bí Lelia, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí láyé. Ọdún 1887 ni Moses kú. Sarah di opó nígbà tí kò tíì ju ẹni ogún ọdún lọ, ọmọ ọdún méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó kọjá lọ sí ìlú St. Louis, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni òun ní tirẹ̀ rí ṣe. Ọdún gorí ọdún, ó ń tẹ̀ba lórí ọpọ́n ìfọṣọ, ó ń fọ aṣọ àwọn aláwọ̀ funfun, owó tí ó sì ń rí kò ju dọ́là kan àti ààbọ̀ lọ lóòjọ́. Síbẹ̀, nínú owó táṣẹ́rẹ́ yìí ni ó ti ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi rán Lelia lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga Knoxville ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Ohun tí òun kò rí, ó pinnu pé ọmọ òun yóò rí i.

Ní àkókò yìí ni irun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí re. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ṣe. Àìsàn awọ orí wọ́pọ̀ láàrin àwọn obìnrin nígbà náà, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Ilé púpọ̀ ni kò ní omi ẹ̀rọ, nítorí náà àwọn ènìyàn kì í fọ orí wọn lóòrèkóòrè. Ọṣẹ líle tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ni àwọn mìíràn fi ń fọ irun, ó sì ń jó awọ orí wọn. Oúnjẹ kò dára tó, wàhálà sì pọ̀. Èépá a gba orí, orí a máa yún wọn, wọn a máa họ ọ́, irun a sì máa já. Ohun tí wọ́n rí ṣe ni pé kí wọ́n fi aṣọ wé e, kí ayé má baà rí i. Nígbà tí mo ka ibi yìí, mo pa ìwé náà dé, mo sì ronú fún ìgbà díẹ̀.

Sarah dán oríṣiríṣi ìpara wò, ti ilé àti ti ọjà. Ó lo èyí tí Annie Turnbo ń ṣe, obìnrin dúdú kan tí ó ti ń ta oògùn irun ṣáájú rẹ̀, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí ń bá a tà á. Ní ọdún 1905 ó kó lọ sí ìlú Denver, ó ń se oúnjẹ fún apoògùn kan, ó sì ń ta ìpara irun nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Kò pẹ́ tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí po tirẹ̀. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àdììtú: imí ọjọ́, ìda oyin, òróró àgbọn, ọ̀rá ìpara bíi fasilíìnì, àti òórùn dídùn tí yóò bo òórùn imí ọjọ́ mọ́lẹ̀. Ó máa ń sọ pé lójú àlá ni ọkùnrin dúdú kan ti fi àpòpọ̀ náà han òun, àti pé ilẹ̀ Áfíríkà ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Annie Turnbo ní tirẹ̀ sọ pé iṣẹ́ òun ni ó jí wò. Èmi kò lè ṣe adájọ́ láàrin wọn. Ohun tí ó dájú ni pé ó ti pẹ́ kí a tó bí àwọn méjèèjì ni àwọn ènìyàn ti ń fi imí ọjọ́ tọ́jú awọ ara, àti pé títí di òní ó ṣì ń mú kí èépá orí dínkù.

Níbo wá ni ọgbọ́n rẹ̀ gan-an wà? Ní tèmi, inú agolo ìpara kọ́. Inú ẹ̀kọ́ tí ó so mọ́ agolo náà ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 1906 ó fẹ́ Charles Joseph Walker, ẹni tí ó mọ̀ nípa ìpolówó ọjà nínú ìwé ìròyìn, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń jẹ́ Madam C. J. Walker. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, láti ilé dé ilé, láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá dé, kì í kàn gbé ọjà kalẹ̀. A mú obìnrin kan jókòó, a fọ orí rẹ̀ mọ́ tónítóní, a fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn èépá kúrò, lẹ́yìn náà ni yóò tó fi ìpara ra awọ orí rẹ̀. A wá sọ fún àwọn tí ń wòran pé fífọ orí lóòrèkóòrè ni ìbẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo. Ìlànà ni ó ń tà.

Nítorí pé ìlànà ni, ó ṣeé fi kọ́ni. Ní ọdún 1908 òun àti ọmọ rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìlú Pittsburgh, tí wọ́n sọ ní Lelia, níbi tí àwọn obìnrin ti ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú irun, tí wọ́n sì ń gba ìwé ẹ̀rí. Ní ọdún 1910 ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Indianapolis, ó sì kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá síbẹ̀. Ní ọdún 1913 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Jàmáíkà, Kúbà, Háítì, Panama àti Costa Rica, àwọn ilẹ̀ tí ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti etí òkun tiwa yìí ń gbé, ó sì ń kọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́ ni ó jẹ́ alágbàfọ̀ àti ọmọ ọ̀dọ̀ bíi tirẹ̀. Wọ́n kúrò nídìí ọpọ́n ìfọṣọ, wọ́n ń gbọ́ bùkátà ara wọn, wọ́n sì ń rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Òun fúnra rẹ̀, nígbà tí owó dé, ó gba àwọn olùkọ́ láti wá kọ́ òun ní ìwé. Ojú kò tì í láti di akẹ́kọ̀ọ́ ní àgbàlagbà.

Àwọn kan ń sọ pé òun ni ó ṣe òòyà gbígbóná tí a fi ń na irun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òòyà náà ti wà ní ilẹ̀ Faransé ṣáájú rẹ̀. Lóòótọ́ ni òòyà gbígbóná wà nínú ìlànà rẹ̀, àwọn kan láàrin àwọn ènìyàn dúdú sì bá a wí pé ó fẹ́ sọ irun wọn di ti aláwọ̀ funfun. Inú rẹ̀ kò dùn sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń tẹnu mọ́ ọn pé ìlera awọ orí ni òun ń lépa. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán títí di òní, kálukú yín ni yóò sì dá a rò.

Kò rọrùn fún un láàrin àwọn ọkùnrin. Ní ọdún 1912, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò dúdú ṣe àpéjọ ní Chicago. Booker T. Washington, olùdásílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee, ni olórí wọn. Ó kọ̀ láti fún Madam Walker láyè láti sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ ìkẹyìn, obìnrin náà dìde fúnra rẹ̀ láàrin èrò, ó sì sọ bí òun ṣe ti oko òwú dé ìdí ọpọ́n ìfọṣọ, láti ibẹ̀ dé ilé ìdáná, àti bí òun ṣe fi ọwọ́ ara òun gbé ara òun dé ibi tí òun wà. Ní ọdún kejì, Washington fúnra rẹ̀ ni ó pè é láti wá bá àpéjọ náà sọ̀rọ̀.

Bí ó ti ń rí owó ni ó ń ná an fún ọmọnìkejì. Ó ṣèlérí 1,000 dọ́là fún kíkọ́ ilé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú ní Indianapolis, ó ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tuskegee lọ́wọ́, ó sì fẹ́ kí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí. Ní ọdún 1917 ó kó àwọn aṣojú rẹ̀ jọ ní Philadelphia. Àwọn tí ó tajà jù gba ẹ̀bùn, àwọn tí ó ṣe àánú jù náà sì gba ẹ̀bùn. Ọdún náà ni àwọn aláwọ̀ funfun pa ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ní East St. Louis. Madam Walker bá àwọn aṣáájú Harlem lọ sí ilé Ààrẹ ní Washington, láti béèrè pé kí ìjọba fi òfin dá pípa ènìyàn dúdú láìsí ìdájọ́ dúró. Ààrẹ Wilson kò yọjú sí wọn.

Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1919 ni ó kú, nínú ilé dáradára tí ó kọ́ sí Irvington lẹ́bàá odò Hudson. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn kíndìnrín ni ó pa á. Ní àwọn ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ ni ó ṣèlérí 5,000 dọ́là fún ìgbógunti ìpànìyàn tí mo sọ lókè yìí. Àwọn ènìyàn ń pè é ní olówó mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n ohun ìní rẹ̀ kò pé mílíọ̀nù kan dọ́là nígbà tí ó kú.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo padà sí ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Lẹ́yìn tí mo ka ìtàn yìí tán, mo wá ilé wọn lọ. Èdè ìyá rẹ̀ kì í ṣe èdè mi, nítorí náà ọmọ náà gan-an ni ó jókòó láàrin wa, tí ó ń túmọ̀ ẹ̀bẹ̀ mi fún ìyá rẹ̀. N kò gbàgbé rẹ̀. Mo yin ìyá náà fún òrí tí ó fi ń pa ọmọ rẹ̀ lára, nítorí pé òrí, àdí àti òróró àgbọn ń mú awọ orí tí ó gbẹ rọ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pẹ̀lú pé làpálàpá orí yàtọ̀. Ohun àìfojúrí kan tí ó jẹ́ ìbátan olú ni ó ń fà á, ó ń wọ inú gbòǹgbò irun, ìpara nìkan kì í sì í lé e jáde. Oògùn gbígbémì tí dókítà bá fún ni ni ó ń wò ó. Ìpara Madam Walker pàápàá kò lè ṣe iṣẹ́ náà. A jọ lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà sì fún un ní oògùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ó tún kìlọ̀ pé kí àwọn ọmọ ilé má ṣe lo òòyà kan náà tàbí aṣọ ìwérí kan náà.

Nígbà tí ọmọ náà padà sí kíláàsì, mo fi àṣẹ ọ̀gá wa sílẹ̀ fún un pé kí ó máa wé orí rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi dá. Mo kọ́ gbogbo kíláàsì ní ẹ̀kọ́ nípa awọ orí ní ọjọ́ náà, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, mo sì sọ ìtàn alágbàfọ̀ kan fún wọn tí irun orí rẹ̀ re. Wọn kò rẹ́rìn-ín.

Láìpẹ́ a óò túká lọ sí ìlú wa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti lọ ṣe olùkọ́. Orí àwọn ọmọ ni a ó máa wò láti iwájú kíláàsì lójoojúmọ́. Kí ẹni tí ó bá rí aṣọ lórí ọmọ rántí pé ó lè jẹ́ ọgbẹ́ ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ó sì pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó béèrè.