Abu Zayd al-Balkhi, Àgbà tí ó Tọ́jú Ọkàn



Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí a ti kírun tán tí à ń wá bàtà wa, oníṣòwò aṣọ kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní láti ìgbà tí iná ti jó ìsọ̀ òun, òun kò rí oorun sùn mọ́, àyà òun a sì máa já bí òun bá ti gbọ́ òórùn èéfín lásán. Ó bi mí bóyá ìgbàgbọ́ òun ni kò tó. Kí n má purọ́, ohun tí èmi náà ti máa ń sọ fún irú wọn tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìtàn àgbà kan tí ó mú mi pa ẹnu mọ́ ní ọjọ́ náà.

Orúkọ àgbà náà ni Abu Zayd Ahmad ọmọ Sahl. Al-Balkhi ni a ń pè é nítorí pé ìtòsí ìlú Balkh, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Afganístánì lónìí, ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 850. Baba rẹ̀ a máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé. Nígbà tí Abu Zayd dàgbà, ó lọ sí ilẹ̀ Ìráàkì, ó lo ọdún 8 níbẹ̀, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ al-Kindi, gbajúmọ̀ ọ̀mọ̀ràn. Ó padà sílé, ó kọ ìwé púpọ̀, títí kan èyí tí ó fi ya àwòrán àwọn ilẹ̀ ayé. Aláṣẹ Balkh fẹ́ fi í ṣe Wàsírì, ó kọ̀, ipò akọ̀wé ni ó gbà.

Ìwé rẹ̀ tí mo ń sọ ni Masalih al-Abdan wa al-Anfus, ìyẹn ni ohun tí ó ṣe ara àti ọkàn ní àǹfààní. Nínú rẹ̀ ni ó ti bá àwọn oníṣègùn ìgbà rẹ̀ wí pé ara nìkan ni wọ́n ń wò, bẹ́ẹ̀ ni ara àti ọkàn jọ ń gbé ni, bí ọ̀kan bá ṣàìsàn èkejì kò lè gbádùn. Ó ní ara lè wà ní àlàáfíà fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í dàrú. Ìbínú, ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́ àti ròyíròyí ni ó kà sí àìsàn ọkàn. Ó tún ya ìbànújẹ́ sí méjì: èyí tí a mọ ìdí rẹ̀, bí òfò ọjà tàbí ikú ẹni, àti èyí tí kò ní ìdí kan tí a rí. Ti ìkejì yìí, ó ní láti inú ẹ̀jẹ̀ ni. Àwọn dókítà òde òní kì í fi ẹ̀jẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé irú rẹ̀ wà.

Èrò ni ó fi ń wo èrò. Bí a ti ń tọ́jú oògùn sílé de ibà òjijì, bẹ́ẹ̀ ni ó ní kí ènìyàn kó èrò rere pamọ́ ní ìgbà tí ara rọ̀ ọ́, kí ó lè rí i lò ní ọjọ́ ìdààmú. Ní ti ìbẹ̀rù, ó ní ó dà bí ará aṣálẹ̀ tí ó kọ́kọ́ rí kùrukùru ní ilẹ̀ òtútù. Lókèèrè, ó rò pé ohun líle tí ènìyàn kò lè là kọjá ni. Ìgbà tí ó wọ inú rẹ̀ ni ó tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tútù lásán ni.

Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970 ni Aaron Beck sọ irú ìtọ́jú báyìí di mímọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìwé Abu Zayd wà ní ilé-ìkàwé ní Istanbul ní gbogbo ìgbà náà. Ní ọdún 1984 ni wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ jáde ní Jámánì, ó sì di ọdún 2013 kí Malik Badri, ará Sùdáánì, tó tẹ apá ti ọkàn jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Nǹkan kan ṣì kù tí mo sọ fún oníṣòwò wa. Al-Muqaddasi kọ ọ́ pé ọba Khurasan ránṣẹ́ pe Abu Zayd sí Bukhara. Nígbà tí ó dé etí odò Jayhun tí ó rí ìgbì rẹ̀, kò kọjá. Ó kọ̀wé sí ọba pé bí ó bá jẹ́ nítorí làákàyè òun ni wọ́n fi pe òun, làákàyè náà ni kò jẹ́ kí òun wọ odò yìí. Ọba ní kí ó máa padà lọ sí Balkh.

Mo ti rò ó títí bóyá làákàyè ni tàbí ẹ̀rù. Oníṣòwò wa ní ẹ̀rù ni, ó sì rẹ́rìn-ín, èyí tí n kò tíì rí i kí ó ṣe láti ìgbà iná náà. Balkh ni Abu Zayd wà títí ó fi kú ní ọdún 934.