Samuel Johnson (1846–1901): Olùkọ́, Alárinà àti Akọ̀tàn Yorùbá

Ìfáárà

Nínú ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ bí a ti ń kọ́ ọ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì: kí ènìyàn gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn láìyí i padà, kí ó parí ìjà láàrin àwọn tí kò fẹ́ rí ara wọn sójú, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí ìmọ̀ yìí tó di ẹ̀kọ́ tí a ń gboyè lé lórí ni Samuel Johnson ti fi ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pọ̀ ni ó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá. Àwọn tí ó mọ̀ pé olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́, àti pé iṣẹ́ alárinà ni ó gbé e la ogun kọjá, kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣòro kan wà nínú ìgbésí-ayé rẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ yẹ̀ wò: báwo ni ẹni tí ó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ ṣe lè làjà láàrin ẹgbẹ́ méjì?

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ní ìlú Hastings, ní ilẹ̀ Sàró, ni a ti bí Samuel Johnson ní ọdún 1846. Henry Erúgúnjìnmí Johnson ni bàbá rẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọ̀kan lára àwọn tí ogun kó lẹ́rú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì dá sílẹ̀ sí ilẹ̀ Sàró. Ìdílé náà a máa tọpasẹ̀ ara wọn dé ọ̀dọ̀ Aláàfin Abíọ́dún. Nígbà tí David Hinderer, míṣọ́nnárì ìjọ C.M.S., ń wá àwọn tí yóò bá a ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, bàbá yìí kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ padà sílé. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1858 ni wọ́n dé Ìbàdàn. Samuel kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà.

Kò pẹ́ tí wọ́n dé tí Ogun Ìjàyè fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ọ̀nà dí, oúnjẹ wọ́n, àwọn ará ilé míṣọ́nnárì sì ń ta ẹrù wọn kí wọ́n tó lè jẹun. Ní kékeré ni Samuel ti mọ ohun tí ogun ń fi ojú ọmọ aráyé rí. Ní 1863, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ní Abẹ́òkúta, níbi tí Gottlieb Bühler, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti jẹ́ ọ̀gá. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní òpin 1865.

Iṣẹ́ Olùkọ́

Ní 1866, Johnson padà sí Ìbàdàn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, ó sì bójú tó àwọn ilé-ìwé ìjọ ní Kúdẹ̀tì àti Arẹ̀mọ. Lẹ́yìn tí Hinderer kúrò ní Ìbàdàn ní 1869, Daniel Olúbí ni ó di olórí iṣẹ́ ìjọ níbẹ̀, Johnson sì wà lára àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́. Ní 1875, ó di katikíìsì ní Arẹ̀mọ.

Kì í ṣe àwọn ọmọ iléèwé nìkan ni ó ń bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. A máa bá àwọn ìjòyè àti àwọn jagunjagun pàdé, a sì máa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà. Ó mọ bí a ti ń wọ ilé ọlọ́lá àti bí a ti ń dákẹ́ nígbà tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ báyìí kò sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n òun ni ó wúlò jù lọ nígbà tí ìjà ńlá dé.

Iṣẹ́ Alárinà

Ní 1877, Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá dojú ìjà kọ ara wọn, ọ̀nà Èkó sì dí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ń ni wọ́n lára. Àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn alábàáṣe wọn para pọ̀ di Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé sì di olórí ogun wọn. Ààrẹ Látòósà kó ogun Ìbàdàn jáde. Ní agbègbè Ìgbájọ ni ẹgbẹ́ méjèèjì pàgọ́ sí, tí wọ́n sì kojú ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí ni Ogun Kírìjì.

Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní pinnu láti bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó pé kí wọ́n bá òun parí ìjà náà. Johnson ni ó fi lẹ́tà rán. Iṣẹ́ eléwu ni, nítorí pé àárín ìlú tí ó ń bá Ìbàdàn ṣọ̀tá ni ọ̀nà gbà. Johnson jẹ́ iṣẹ́ náà dé Èkó, ṣùgbọ́n ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e kò so èso. Míṣọ́nnárì J. B. Wood náà gbìyànjú ní 1884 àti 1885, kò bọ́ sí i. Látòósà sì kú sí ibùdó ogun ní 1885.

Ní 1886, Gómìnà Moloney rán Johnson àti Charles Phillips, àlùfáà tí ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, sí àwọn ibùdó ogun. Ibí yìí ni ìṣòro tí a mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀ ti hàn kedere. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson, Ìbàdàn ni ó sì ti dàgbà. Bí òun nìkan bá lọ, ta ni yóò gbà á gbọ́ ní ibùdó Èkìtì? Ọgbọ́n tí wọ́n lò ni pé Johnson kọjú sí ìhà Ìbàdàn, Phillips sì kọjú sí ìhà Èkìtìparapọ̀. Ẹnìkọ̀ọ̀kan gbọ́ tẹnu ìhà tí ó lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ọ̀rọ̀ méjèèjì wá síbi kan. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Johnson kò fi ẹgbẹ́ tirẹ̀ pamọ́. Ètò iṣẹ́ náà ni kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ tirẹ̀ borí òtítọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà, 1886, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ìbàdàn gbà pé Èkìtìparapọ̀ di olómìnira. Ìgbájọ, Ọ̀tan, Ìrèsì àti Àdá wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ dúró níbẹ̀ lè kó lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn aṣojú ìjọba, Higgins àti Oliver Smith, wá tú àwọn ibùdó ogun ká, Johnson àti Phillips sì bá wọn lọ. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo ìjà parí. Ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ kò yanjú, Ìbàdàn àti Ìlọrin sì ń bá ogun tiwọn lọ títí di 1893 tí Gómìnà Carter fi tú wọn ká.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé apá kejì. Ìjọba tí Johnson bá wọn pè wá parí ìjà kò padà sí Èkó mọ́. Ní 1887 ni ó di olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́, níbẹ̀ ni ó sì wà ní 1895 nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn ńlá sí ìlú náà. Àlàáfíà tí ó wá kiri dé, ṣùgbọ́n òmìnira bá a lọ.

Ìwé Ìtàn Rẹ̀

Johnson rí i pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kàwé mọ ìtàn Gíríìkì, Róòmù àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì mọ ti baba wọn. Àwọn àgbàlagbà tí ó mọ̀ ọ́n sì ń kú lọ. Ó lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn arọ́kin ní Ọ̀yọ́, ó gbọ́ lẹ́nu Tìmì Lágùnjú ti Ẹdẹ, àti lẹ́nu David Kúkọ̀mí ní Ìbàdàn àti Josiah Ọnì. Ní 1897 ni ó parí iṣẹ́ náà.

Ní 1899, a fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀, ó sì sọnù. Johnson kú ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, 1901, láìfi ojú rí i ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, ó tún un kọ. Nígbà tí wọ́n fi èyí náà ránṣẹ́ ní 1916, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi Appam tí ó gbé e, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà. A rí ìwé náà gbà nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n Obadiah náà kú ní 1920. Ọdún 1921 ni ìwé náà jáde.

Àwọn onímọ̀ ìtàn ti tọ́ka sí i pé ìwé náà fì sí ọ̀dọ̀ Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Òótọ́ ni. Níbi ìjà Kírìjì, Phillips wà ní ìhà kejì láti gbé ọ̀rọ̀ Èkìtì wá. Níbi ìwé, Johnson nìkan ni ó jókòó ti tábìlì. Àwọn arọ́kin tí ó gbọ́ tiwọn, ti ààfin Ọ̀yọ́ ni wọ́n.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kò farasin. Kò sí olùkọ́ tí kò ní ìlú, ìdílé tàbí ìgbàgbọ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí alárinà tí kò ní. Ohun tí a lè ṣe ni kí a ṣètò iṣẹ́ wa kí ohùn ìhà kejì lè dé etí wa kí a tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí Johnson ní ẹnìkejì tí ó ń gbọ́ fún un, ogun ọdún púpọ̀ dáwọ́ dúró. Nígbà tí kò ní, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn akọ̀tàn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú láti parí. Síbẹ̀, ìwé tirẹ̀ ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí, ì báà jẹ́ láti gbà á, ì báà jẹ́ láti ta kò ó.