Káfíńtà Tí Ó Di Bíṣọ́ọ̀bù

Ẹni tí ó bá gba ọjà pákó Bódìjà kọjá yóò gbọ́ ariwo ayùn. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ káfíńtà Ìbàdàn ti ń ra igi tí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí ni ojú ń tì bí ọmọ wọn tí ó mọ̀wé bá fọwọ́ kan ìfági. Nítorí wọn ni a ṣe rántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Òṣogùn ni a bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821, ogun kó ìlú náà, a sì ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù April 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí Sàró. Ní ìletò Bathurst ni ó ti kọ́ ìwé, ibẹ̀ náà ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà.

Ẹni tí ó bá ti kan fèrèsé onígíláàsì tí a ń fà sókè sódò rí mọ̀ pé bí férémù kò bá gún régé, yóò há. Ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí lò fún èdè wa: ó ń kó ọ̀rọ̀ àti òwe àwọn àgbà jọ kí ó tó kọ gbólóhùn sílẹ̀. Ní 1843 ni ìwé rẹ̀ lórí èdè Yorùbá kọ́kọ́ jáde, ọdún náà sì ni ó gba oyè àlùfáà. Ní 1846 ó bá ìyá rẹ̀ pàdé ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún 25. Ní 1864 ó di Bíṣọ́ọ̀bù, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Odidi Bíbélì Yorùbá, tí òun ṣe olórí títúmọ̀ rẹ̀, jáde ní 1884.

Ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ kò dùn. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Oya dúró lójú rẹ̀, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní December 31, 1891.

Àwọn tí ó kẹ́gàn rẹ̀ ti di ìgbàgbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò há. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mú kálàmù, kí ó sì mú ìfági. Ọwọ́ kan náà lè mọ méjèèjì.