BÍṢỌ́Ọ̀BÙ ÀJÀYÍ CROWTHER ÀTI AGBOOLÉ Ọ̀RỌ̀

  

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ orúkọ Samuel Àjàyí Crowther rí. A mọ̀ ọ́n sí ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú tí ó padà di bíṣọ́ọ̀bù. A mọ̀ pé òun ni aṣáájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fara balẹ̀ wò ni pé ìtàn ayé ọkùnrin yìí jẹ́ ìwé ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà. Ìdí nìyí tí mo fi mú un wá sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa.

Kí a tó máa bá ìtàn lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ráńpẹ́. Ọ̀rọ̀ kì í dá gbé. Inú agboolé ni ó ń gbé pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀. Bí mo bá sọ pé mo ra bàtà, ẹ ti mọ̀ lọ́kàn yín pé ẹnì kan tà á fún mi, pé owó yí ọwọ́ padà, bí n kò tilẹ̀ dárúkọ òǹtajà. Òǹrajà, òǹtajà, ọjà àti owó, ọmọ agboolé kan ni wọ́n. Onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà kan, Charles Fillmore, tí ó kú ní ọdún 2014, ni ó gbé èrò yìí kalẹ̀ fún àwọn onímọ̀ èdè, férémù ni ó sì pè é. Férémù yìí ni ó jẹ́ kí a lè fi orúkọ ọmọ ilé kan pe èkejì. Bí a bá ní gbogbo adé ilẹ̀ Yorùbá péjọ, àwọn ọba ni a ń sọ, nítorí pé adé àti ọba jọ ń gbé ni. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kó kúrò ní agboolé kan lọ sí òmíràn, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò yí.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI ÌKÓLẸ́RÚ

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Òṣogùn, ìlú kan nítòsí Ìsẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ gan-an ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i ni à ń pè ní Àjàyí. Ìṣẹ̀lẹ̀ ìṣẹ́jú kan péré ni ó di orúkọ ènìyàn títí dé ọjọ́ ikú.

Ní ọdún 1821, ogun kó Òṣogùn. Wọ́n kó Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n sì yà wọ́n nípa. Ẹ rántí agboolé ọjà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ó yẹ kí ènìyàn wà níbẹ̀ ni ipò òǹrajà tàbí ti òǹtajà, ṣùgbọ́n ipò ọjà ni wọ́n fi ọmọ yìí sí. Wọ́n tilẹ̀ fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Láti ọwọ́ kan sí òmíràn ni ó fi dé Èkó, níbi tí wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní ọdún 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon ni ó gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, tí ó sì gbé wọn lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró.

AKÚ, SÀRÓ ÀTI YORÙBÁ

Ní Freetown, orúkọ tuntun ń dúró de Àjàyí àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ gbọ́ pé láàárọ̀ ẹ kú ni, lọ́sàn-án ẹ kú ni, lẹ́nu iṣẹ́ ẹ kú náà ni. Ni wọ́n bá ń pe gbogbo wọn ní Akú. Ìkíni di orúkọ ẹ̀yà! Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín, nítorí pé ohun kan náà ni àwa fúnra wa ń ṣe bí a bá ń pe ara wa ní Káàárọ̀-oò-jíire.

Nígbà tí àwọn Akú wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé ní nǹkan bí ọdún 1839, àwọn ará ilé pè wọ́n ní Sàró. Orúkọ ìlú tí wọ́n ti dé di orúkọ àwọn fúnra wọn. Ẹni kan náà ni ó jẹ́ Akú lọ́hùn-ún tí ó sì jẹ́ Sàró nílé.

Ọ̀rọ̀ náà Yorùbá ń kọ́? Láyé ìgbà náà, àwọn Ọ̀yọ́ ni àwọn Hausa ń fi orúkọ yìí pè. Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà ń jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Ìjẹ̀bú. Ní ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tí Crowther kọ jáde, wọ́n sì tún un tẹ̀ pẹ̀lú gírámà ní ọdún 1852. Àwọn ìwé wọ̀nyí, ilé ẹ̀kọ́ àti Bíbélì wà lára ohun tí ó mú kí orúkọ apá kan di orúkọ gbogbo wa. Ẹgbẹ́ tí a ń ṣe lónìí, inú ìtumọ̀ tí ó gbòòrò yẹn ni a dá a sí.

IṢẸ́ ÌWÉ ÀTI IṢẸ́ ÌTUMỌ̀

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni ó ṣe ìrìbọmi, tí ó gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní ọdún 1827. Ní ọdún 1843 ni wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta, níbẹ̀ ni ó sì ti tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Omijé ayọ̀ ni tọmọ-tìyá fi pàdé ara wọn.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ kì í ṣe eré. Òun nìkan kọ́ ni ó ṣe é. Thomas King àti àwọn mìíràn ràn án lọ́wọ́. Ẹ wo ìṣòro kan: kí ni wọn yóò pe ẹni tí ń ṣe ìsìn níwájú Ọlọ́run? Àwòrò wà, abọrẹ̀ wà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú ọ̀kan nínú wọn, gbogbo agboolé òrìṣà ni yóò tẹ̀ lé e wọlé. Àlùfáà ni wọ́n mú, ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ti ń lò tipẹ́. Ìwé, àdúrà àti ìwàásù ni ó kún agboolé rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Lónìí, bí a bá ní àlùfáà, ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọ́kọ́ ronú sí ẹni tí ó wọ aṣọ funfun lórí pẹpẹ, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí sábà máa ń pe tiwọn ní àáfáà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti mú iyàn wá ni ti Èṣù. Nínú agboolé òrìṣà, ìránṣẹ́ ni Èṣù. Òun ni ó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, oríta ni ibùjókòó rẹ̀, ó ń dá wàhálà sílẹ̀, ó sì ń gbe ẹni tí ó bá rúbọ. Nínú Bíbélì Yorùbá, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀tá Ọlọ́run. Apá kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe wàhálà, ni wọ́n mú lọ sí ilé tuntun; ẹbọ, oríta àti iṣẹ́ ìránṣẹ́ ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Nígbà tí ó pẹ́, ilé tuntun borí ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé yọ Èṣù kúrò nínú orúkọ wọn, wọ́n fi Olú tàbí Jésù dípò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọba Èkó kan sì ń jẹ́ Èṣùgbàyí láìsí ìtìjú. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kò yé sọ pé wọ́n ba òrìṣà àwọn lórúkọ jẹ́. Lójú tèmi, ẹjọ́ wọn tọ́ láti gbọ́. Ẹni tí ó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ ti fọwọ́ kan ilé onílé.

LÓRÍ ODÒ ỌYA

Crowther bá ọkọ̀ rìn lórí Odò Ọya ní ọdún 1841, 1854 àti 1857. Ní ọdún 1857, ọkọ̀ wọn, Dayspring, fọ́ nítòsí Jẹ́bà, ó sì bá a dé Rábà láàárín àwọn Nupe, tí àwa ń pè ní Tápà. Ìpínlẹ̀ tí a wà yìí ni Rábà wà lónìí. Kò fojú di èdè wọn: ní ọdún 1864 ni ìwé gírámà èdè Nupe tí ó kọ jáde. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Odò tí ó rìn yẹn náà ni ó fún ìpínlẹ̀ wa lórúkọ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1976, kí a má tilẹ̀ sọ ti Nàìjíríà. Orúkọ omi di orúkọ ilẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ korò díẹ̀. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n lé ọ̀pọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fi àgbàlagbà náà wọ́lẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891 ni ó kú ní Èkó.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lójoojúmọ́, àwọn kan ni wọ́n ṣí i nípò dé ibi tí a bá a. Bí a bá ń túmọ̀ nǹkan sí Yorùbá ní kíláàsì tàbí ní ìpàdé, ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè agboolé tí a ti mú ọ̀rọ̀ àti ibi tí à ń gbé e lọ. Ẹ má sì gbàgbé láti kọ́ èdè Gbagyi, Nupe àti Hausa tí ó yí wa ká níhìn-ín. Àjàyí kọ́ ti onílé nígbà tí ó jẹ́ àlejò. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Èdè Yorùbá kò ní parun o. Àṣẹ.