Jimi Hendrix, onígìtá tó kú láìkọ ìwé ìhágún: Bí àwo orin rẹ̀ ṣe di ogún tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Òwe yìí ṣẹ mọ́ Jimi Hendrix lára, gbajúgbajà onígìtá ará Amẹ́ríkà tó kú sí ìlú London lọ́jọ́ 18, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1970. Ọmọ ọdún 27 péré ni. Àwo ńlá tuntun mẹ́rin ló gbé jáde nígbà tó wà láyé, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ gbé jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ lé ní ogún dáadáa. Ta ló ń jẹ èrè gbogbo àwo wọ̀nyí? Ọ̀rọ̀ yìí ló kó bàbá, ọmọ, ìbátan àti àwọn lọ́yà sínú ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìlú Seattle, ní ìpínlẹ̀ Washington, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 27, oṣù Kọkànlá, ọdún 1942. Bàbá rẹ̀, Al Hendrix, wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun nígbà náà, wọn kò sì fún un láàyè láti wá wo ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Johnny Allen ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọmọ náà. Nígbà tí bàbá ti ogun dé, ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí James Marshall lọ́dún 1946. Ọmọ ọdún 17 ni Lucille, ìyá rẹ̀, nígbà tó bí i. Ilé náà kò tòrò, tọkọtaya kọ ara wọn sílẹ̀, ìyá sì kú lọ́dún 1958 nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́mọ ọdún 15.

Iṣẹ́ títún ọgbà ṣe ni bàbá rẹ̀ ń ṣe jẹun, owó kò sì sí nílé. Níbi tí ọmọ ti ń ran bàbá lọ́wọ́ láti palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ nílé onílé ló ti rí ohun èlò orin kékeré kan tó jọ gìtá, tí okùn rẹ̀ ku ẹyọ kan ṣoṣo. Okùn kan náà ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ra gìtá àlòkù kan ní dọ́là márùn-ún, bàbá rẹ̀ sì ra èyí tó ń lo iná mànàmáná fún un lọ́dún 1959. Ọlọ́wọ́ òsì ni Hendrix, bẹ́ẹ̀ gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni ọwọ́ rẹ̀ tó. Ó kàn dojú rẹ̀ kodò ni, ó sì tún okùn rẹ̀ tò. Bó ṣe ń ta á nìyẹn títí ó fi kú.

Lọ́dún 1961, àwọn ọlọ́pàá mú un nínú ọkọ̀ tí wọ́n jí. Wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú ẹ̀wọ̀n àti iṣẹ́ ológun, ó sì wọ iṣẹ́ ológun. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi agbòòrùn bẹ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi í sí ní Fort Campbell, ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Ibẹ̀ ló ti pàdé Billy Cox, ọ̀rẹ́ tí yóò bá a ṣeré di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ó kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1962, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá lẹ́yìn àwọn olórin ńlá bí Isley Brothers àti Little Richard. Ẹlòmíràn ló ń kọrin, òun ń ta gìtá lẹ́yìn wọn, owó tó sì ń kàn án kò tó nǹkan.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1965, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan ẹnu ní New York, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún mẹ́ta fún Ed Chalpin, oníṣòwò àwo kan. Dọ́là kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sínú ìwé náà fún un, pẹ̀lú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí àwo bá pa. Hendrix fọwọ́ sí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Chas Chandler, tó ti ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ The Animals ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i níbi tó ti ń ṣeré ní New York, ó sì mú un lọ sí London. Ọjọ́ 24, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1966 ló gúnlẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n wá Noel Redding àti Mitch Mitchell kún un, ẹgbẹ́ náà sì di The Jimi Hendrix Experience. Lọ́dún 1967 nìkan, wọ́n gbé àwo méjì jáde: Are You Experienced àti Axis: Bold as Love. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, níbi àríyá orin Monterey ní ìpínlẹ̀ California, ó dáná sun gìtá rẹ̀ lójú gbogbo èrò, orúkọ rẹ̀ sì kàn yí ká Amẹ́ríkà. Electric Ladyland, tó jáde lọ́dún 1968, ló gba ipò kìíní níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 18, oṣù Kẹjọ, ọdún 1969, ó bọ́ sórí ìtàgé ní Woodstock nígbà tí ọ̀pọ̀ èrò ti darí sílé. Ó fi gìtá ta orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì mú kí gìtá náà máa ké bí ìbọn àti bọ́ǹbù. Ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ẹni tó gbọ́ ọ kò nílò àlàyé.

Ṣùgbọ́n gbogbo àsìkò tí òkìkí ń kàn yìí, ìwé dọ́là kan ọjọ́sí kò sùn. Chalpin gbé e jáde, ó ní òun lòun ni ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n máa parí ẹjọ́ ti Amẹ́ríkà, wọ́n fẹnu kò pé Hendrix yóò fi odindi àwo kan san án. Bí àwo Band of Gypsys ṣe dé nìyẹn. Òun, Billy Cox àti onílù Buddy Miles, aláwọ̀ dúdú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣeré lẹ́ẹ̀mẹrin ní gbọ̀ngàn Fillmore East ní New York, lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1969 àti ọjọ́ kìíní ọdún 1970. Wọ́n gba gbogbo rẹ̀ sórí tépù. Orin mẹ́fà péré ni wọ́n mú sínú àwo náà. Ìyókù wọ inú àpótí.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1970, ó ṣí sitúdíò tirẹ̀, Electric Lady, ní New York. Kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi kọjá sí Yúróòpù láti lọ ṣeré, kò sì padà wá mọ́. Oògùn oorun tó lò jù ló fà á tí èébì fi há a lọ́nà ọ̀fun. Adájọ́ tó wádìí ikú náà kò sọ pé ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é tàbí pé èèṣì ni. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, wọ́n sì sin ín sí Renton, nítòsí Seattle. Kò kọ ìwé ìhágún. Òfin ní bàbá rẹ̀, alátùn-únṣe ọgbà, ló ni ogún.

Bàbá ló ni ogún lórí ìwé, àmọ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni àwọn tépù wà. Michael Jeffery tó jẹ́ máníjà Hendrix kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1973. Lẹ́yìn rẹ̀, Alan Douglas gba ìtọ́jú àwọn tépù náà. Nínú àwo tó gbé jáde lọ́dún 1975, Crash Landing àti Midnight Lightning, ó pa ohùn àwọn tó bá Hendrix ṣeré rẹ́, ó sì kó àwọn mìíràn wá ṣeré sí i, àwọn tí kò bá a pàdé nínú sitúdíò rí. Lórí àwọn orin kan, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ti olóògbé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jọ kọ wọ́n. Inú ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ orin Hendrix kò dùn sí i.

Nígbà tí Al Hendrix gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ẹ̀tọ́ orí orin ọmọ òun, ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 1993. Paul Allen, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Microsoft sílẹ̀, tó sì jẹ́ ọmọ Seattle, ló yá a lówó ẹjọ́. Lọ́dún 1995, ọ̀rọ̀ náà parí, ẹ̀tọ́ sì padà sọ́wọ́ bàbá. Ọdún 25 ti kọjá lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀. Ó dá ilé iṣẹ́ Experience Hendrix sílẹ̀, Janie, ọmọ tí ó gbà tọ́, sì di olórí rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn ni pé wọ́n pe Eddie Kramer padà, ẹni tó ti ń bá Hendrix gba ohùn sílẹ̀ láti ọdún 1967. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo àwo dúdú àti ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́ mọ̀ pé bí àwo bá ti pẹ́, ariwo á máa bá orin jà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n padà sídìí tépù àkọ́kọ́ gan-an, èyí tí a kò tíì dà kọ, wọ́n lò ó lórí ẹ̀rọ tó pé, wọ́n sì rora ṣe ìwọ̀n ohùn tó rinlẹ̀ àti èyí tó lọ sókè kí ohun gbogbo lè já geere. Wọn kò fi ohùn ẹlòmíràn kún un. Lọ́dún 1997, wọ́n tún gbé àwọn àwo àkọ́kọ́ jáde báyìí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí àpótí àwọn eré ojú agbo. Díẹ̀ jáde nínú eré Fillmore East lọ́dún 1999, eré àkọ́kọ́ jáde lódindi lọ́dún 2016, gbogbo eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jáde lọ́dún 2019. Nígbà tí Electric Ladyland pé 50 ọdún, lọ́dún 2018, wọ́n fi eré tó ṣe ní Hollywood Bowl lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1968 tì í. Ohùn ti eré yẹn kò mọ́ tó ti sitúdíò, àmọ́ èèyàn á gbọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń bẹ́ sínú odò àtọwọ́dá tó wà níwájú ìtàgé, tí eré sì ń lọ. Àwọn kan ń ráhùn pé orin kan náà ni wọ́n ń tà fún àwọn lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, ìráhùn náà kò sì ṣàìnídìí. Síbẹ̀, èyí tó wà lórí àwo wọ̀nyí ni ohun tí ọwọ́ ọkùnrin náà ta lálẹ́ ọjọ́ náà, èyí ló sì yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ti ọdún 1975.

Ìjà kò tíì tán. Al Hendrix kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2002. Òun kọ ìwé ìhágún ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwo wúrà ẹyọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún Leon, àbúrò Jimi. Leon gba ilé ẹjọ́ lọ, ó ní wọ́n yí bàbá òun lọ́kàn padà. Lọ́dún 2004, adájọ́ ní ìwé bàbá ló dúró, Janie sì ń bá iṣẹ́ náà lọ.

Ọmọ kò kọ ìwé, ó di ẹjọ́. Bàbá kọ ìwé, ó tún di ẹjọ́. Ẹni tó bá ní ohun tí yóò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ìbáà ṣe oko kòkó tàbí àwo orin, kó ka ohun tó ń fọwọ́ sí dáadáa, kó kọ ìfẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ lójú ayé rẹ̀. Ní Renton, ibojì ńlá kan náà ni Jimi àti bàbá rẹ̀ sùn sí báyìí. Àwọn olólùfẹ́ orin ṣì ń wá wò ó láti ilẹ̀ òkèèrè.