Olóyè S. O. Awókọ̀yà àti Owó Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́

Bí a bá dárúkọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan ni ó gbé ètò náà wá síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin: Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà.

Ọdún 1913 ni wọ́n bí i nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó kàwé ní Higher College, Yábàá, tí kò jìnnà sí Jíbówú, nígbà tí yunifásítì kankan kò tí ì sí ní Nàìjíríà. Ní 1949, ó di ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Mólúsì, Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ní 1952, ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù Keje ọdún náà, ó gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò di ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní 1955. Lójú rẹ̀, ogun nìkan ni ọ̀rọ̀ tí ó le ju èyí lọ. Olùkọ́ kò tó, nítorí náà ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ mú gbòòrò.

Owó ńkọ́? Ìjọba bu ṣílè 10 àti sísì lé àwọn asanwó-orí, fún ilé ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ará ìlú fárí gá. Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, NCNC na ẹgbẹ́ Action Group lórí ilẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ìjọba kò jáwọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 1955, ilẹ̀kùn ṣí: akẹ́kọ̀ọ́ 456,600 ti ọdún 1954 di 811,432. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dán mọ́rán o. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ ni ó dojú kọ kíláàsì tí ó kún àkúnya. Kí 1960 tó dé, nǹkan bí 40 nínú 100 owó tí Ẹkùn náà ń ná lọ́dọọdún ni ó ń bá ẹ̀kọ́ lọ.

Ní 1956, Awókọ̀yà fi ìjọba sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò rẹ́sẹ̀ walẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di akọ̀wé àgbà ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, ó sì ṣe olùdarí ní UNESCO, ní Paris, lórí lílo sáyẹ́ǹsì fún ìdàgbàsókè.

Kò sí láyé mọ́ nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ní 2000, pinnu pé títí di 2015 gbogbo ọmọdé yóò parí ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún pé, ọ̀pọ̀ kò dé ibẹ̀. Wọ́n sún àfojúsùn sí 2030. Ní Incheon, Kòríà Gúúsù, ní 2015, wọ́n ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi ó kéré tán 15 sí 20 nínú 100 owó ìjọba ṣe ẹ̀kọ́ (kì í ṣe 26 tí a ti sọ di òwe ní Nàìjíríà). Láti ìgbà náà, ìpín ẹ̀kọ́ nínú ìṣúná ìjọba àpapọ̀ kò tí ì dé 15.