Ìyá Àwọn Ọmọ Kúdẹtì: Ìtàn Ìgbésí Ayé Anna Hinderer

Nínú àwọn òyìnbó tí ó ti òkè òkun wá láti wàásù ìhìnrere fún àwọn baba wa, orúkọ àwọn ọkùnrin ni ó sábà máa ń wà lẹ́nu wa. A kì í sábà bèèrè ẹni tí ń tọ́jú ilé nígbà tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí bá ń rìn káàkiri, ẹni tí ń bọ́ àwọn ọmọ, tí ń rán aṣọ wọn, tí sì ń jókòó ti aláìsàn lóru. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ díẹ̀, nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí, nípa Anna, aya David Hinderer, ẹni tí ìjọ Ìbàdàn kò lè gbàgbé.

Àwa tí ń gbé ní Ṣómólú àti Bàrígà mọ ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà dáadáa, nítorí pé ní irú ọjọ́ náà, ní ọdún 1859, ni a dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà ti C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí a gbé wá sí Bàrígà ní 1959. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó mọ̀ pé ní irú ọjọ́ kan náà, ní ọdún 1870, ni obìnrin yìí sùn nínú Olúwa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ọdún 17 tí ó ti fi ara rẹ̀ jìn fún ilẹ̀ Yorùbá. Ó yẹ kí a mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́.

A bí Anna Martin ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, 1827, ní Hempnall, ìletò kan ní ìgbèríko Norfolk. Ọmọ ọdún 5 ni ó jẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹni tí ó bá di aláìníyàá ní kékeré ni ó mọ bí ilé ti í rí nígbà tí kò sí ẹni tí yóò pe ọmọ wá jẹun. Bóyá láti ibẹ̀ ni àánú àwọn ọmọ ti wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, ó di ẹni ọ̀wọ́n lọ́dọ̀ àlùfáà ìlú Lowestoft, Francis Cunningham, àti aya rẹ̀, tí wọ́n gbà á sí ilé wọn bí ọmọ. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń bẹ aláìsàn wò àti bí a ti ń kọ́ ọmọdé. Ó kó àwọn ọmọ tálákà jọ, àwọn tí aṣọ wọn ti ya tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè bá àwọn ọmọ mìíràn jókòó, ó sì ń kọ́ wọn, títí iye wọn fi ju 200 lọ. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó sì ti ń fẹ́ láti lọ sí ilẹ̀ àjèjì fún iṣẹ́ Olúwa.

David Hinderer, ọmọ Württemberg ní ilẹ̀ Jámánì, ni ó mú ìfẹ́ yìí ṣẹ. Ẹgbẹ́ C.M.S. ti rán an wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ti wọ Ìbàdàn ní 1851, nígbà tí kò tí ì sí míṣọ́nnárì kan tí ń gbé níbẹ̀. Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó padà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ròyìn ohun tí ó rí, àti láti bẹ̀bẹ̀ fún olùrànlọ́wọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 1852, ó gbé Anna níyàwó. Kò ju oṣù méjì lẹ́yìn náà lọ tí àwọn méjèèjì fi wọ ọkọ̀ ojú omi; ní oṣù Kìn-ín-ní, 1853, wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó. Ibà kò jẹ́ kí wọ́n sinmi kí ó tó dé bá wọn. Wọ́n dúró díẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àti ní òpin oṣù Kẹrin, 1853, wọ́n wọ Ìbàdàn.

Ilé tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ kò fẹ̀, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, ewé ni wọ́n sì fi bo òrùlé rẹ̀. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni èrò ń wọ́ wá wo obìnrin òyìnbó, nítorí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn obìnrin ń fọwọ́ kan irun rẹ̀, wọ́n ń wo aṣọ rẹ̀, wọ́n sì ń bèèrè ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́. Ẹlòmíràn ìbá ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Anna kò ti í. Ó jókòó láàárín wọn, ó ń kọ́ èdè wọn láti ẹnu wọn. Láìpẹ́ wọ́n kọ́ ilé tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ sí Kúdẹtì, àti ilé ìsìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni orí oko iṣẹ́ wọn títí wọ́n fi lọ.

Kì í ṣe ohun tí ó rọrùn láti rí ọmọ kọ́ ní ọjọ́ wọnnì. Ìbàdàn jẹ́ ìlú jagunjagun, àwọn òbí sì ń bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọkùnrin di ojo, tí kò ní lè gbé idà. Ṣùgbọ́n ìjòyè kan, láti ìdílé Olúńlọ́yọ̀ọ́, fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, sí abẹ́ ìtọ́jú Anna. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbé inú ilé pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ń jẹun pẹ̀lú àwọn yòókù, wọ́n sì ń pè é ní ìyá. Àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn. Anna àti ọkọ rẹ̀ kò ní ọmọ tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí ilé Kúdẹtì ṣófo.

Bí ọjọ́ kan ti ń rí nínú ilé náà nìyí. Agogo ń dún ní òwúrọ̀, gbogbo ará ilé a sì péjọ fún àdúrà. Lẹ́yìn náà ni ìwé kíkà, orin kíkọ àti aṣọ rírán. Dùùrù wà nínú ilé, àwọn ọmọ a sì pagbo yí i ká. Lọ́sàn-án àwọn aláìsàn a wá gba oògùn. Àwọn obìnrin àdúgbò a wá sọ ẹjọ́ ilé wọn. Lálẹ́ David a jókòó ti ìwé rẹ̀, nítorí òun ni ó túmọ̀ ìwé John Bunyan sí èdè wa, èyí tí a ń pè ní Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Kò sí ohun ìyanu nínú èyí. Ó jọ ìgbésí ayé olùkọ́ èyíkéyìí nínú wa. Síbẹ̀, nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì, ni a ti mọ ìjọ Ìbàdàn bí ẹni mọ ògiri.

Nínú àwọn ọmọ ilé náà ni ọmọbìnrin kan wà tí ń jẹ́ Ògúnyọmí, ẹni tí ogun ti yà kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ìyá náà, tí òun pẹ̀lú ti di ẹrú ní Ìbàdàn, rí ọmọ rẹ̀ ó sì dá a mọ̀, wọ́n sì dì mọ́ ara wọn pẹ̀lú ẹkún. Lẹ́yìn náà ni David Hinderer ra ìyá náà padà, ó sì di ẹni tí ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé. Ẹ jẹ́ kí a ro iye àwọn ìyá tí wọn kò rí ọmọ wọn mọ́ ní ọjọ́ ogun wọ̀nyẹn, kí a lè mọ ohun tí ìpàdé kan yìí túmọ̀ sí.

Ní 1860 ni ìyọnu ńlá dé. Aláàfin Àtìbà ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Ọmọ rẹ̀ Adélù gorí ìtẹ́, Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, sì kọ̀ láti tẹríba fún un nítorí pé kò bá àṣà mu. Ìbàdàn gbé ogun ti Ìjàyè. Ẹ̀gbá sì gbèjà Ìjàyè. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun, Ìbàdàn sì dà bí ẹni tí a tì mọ́lé. Ìjàyè ṣubú ní oṣù Kẹta, 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò là fún ọdún mẹ́ta sí i.

Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ ohun tí dídí ọ̀nà jẹ́ nígbà náà. Owó ẹyọ ni a ń ná. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹrù orí ni. Owó oṣù míṣọ́nnárì wà ní Èkó, alárù ni ó sì gbọ́dọ̀ rù ú lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí alárù kò lè kọjá, kò sí owó. Nígbà tí kò sí owó, kò sí oúnjẹ, iyọ̀ tàbí aṣọ. Ilé Kúdẹtì sì kún fún ọmọ tí a kò lè lé padà, nítorí àwọn mìíràn nínú wọn kò ní ilé tí wọn yóò padà sí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta ohun tí ó wà nínú ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé àwọn agolo àti ohun èlò tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀ pé yóò mú owó wá. Ẹ̀wà pẹ̀lú epo díẹ̀ àti ata ni oúnjẹ wọn, a sì máa wọ́n nígbà mìíràn. Anna sun ẹkún ebi lóru bí ọmọdé. Nígbà kan David fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu, ó gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó láti wá owó àti oúnjẹ, Anna sì dá wà pẹ̀lú àwọn ọmọ títí ó fi padà. Nígbà tí Ìjàyè ṣubú, a mú míṣọ́nnárì tí ó wà níbẹ̀, Edward Roper, ní ìgbèkùn wá sí Ìbàdàn. Ilé kan náà tí ebi ń pa ni ó sì gbà á.

Nínú gbogbo èyí, ta ni ó gbé wọn ró? Kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ọwọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tó wọn. Àwọn ará Ìbàdàn ni. Àwọn aládùúgbò ta oúnjẹ fún wọn láwìn, àwọn mìíràn sì yá wọn lówó ẹyọ láìmọ ọjọ́ tí a óò san án. Ẹni tí ó wá láti fún ni ní ohun tí ó ní, ó wá di ẹni tí a ń fún. A rò pé níbẹ̀ gan-an ni Anna ti di ará Ìbàdàn pátápátá. Nítorí àjèjì ni à ń ṣe lálejò, ọmọ ilé ni à ń bá jìyà pọ̀.

A kò gbọdọ̀ fi ohun kan pamọ́. Ogun yìí ya àwọn míṣọ́nnárì pàápàá nípá. Townsend ní Abẹ́òkúta rí ẹ̀tọ́ àwọn Ẹ̀gbá. Hinderer rí ẹ̀tọ́ àwọn Ìbàdàn. Olúkúlùkù ń sọ̀rọ̀ fún àwọn tí ó ń bá gbé, ọ̀rọ̀ wọn kò sì dùn mọ́ ara wọn. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n. Bákan náà ni Anna kò lóye gbogbo àṣà wa, ó sì ka àwọn ohun kan sí òkùnkùn nítorí pé wọ́n ṣàjèjì sí i. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ rẹ̀ kò dúró de ìgbà tí òye rẹ̀ yóò pé.

Ní 1865 ara rẹ̀ ti bàjẹ́ gidigidi. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, Gómìnà Glover rán Captain Maxwell láti Èkó pẹ̀lú àwọn ọkùnrin díẹ̀. Wọ́n la igbó tí kò sí ọ̀nà níbẹ̀ kọjá, wọ́n sì yọ sí Ìbàdàn lóru. Kò sí àkókò láti dágbére. Wọ́n gbé Anna sínú aṣọ tí a so mọ́ ọ̀pá, àwọn ọkùnrin rù ú, wọ́n sì sáré padà kí àwọn tí ń ṣọ́ ọ̀nà má baà gbọ́. Ó kọjá ọ̀sà wọ Èkó, ọ̀sà kan náà tí Bàrígà dojú kọ títí di òní. Àwọn ọmọ rẹ̀ kù lẹ́yìn, wọ́n ń sunkún.

Síbẹ̀ ó padà. Lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀ ní ilẹ̀ rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ tún wá sí Ìbàdàn. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, nínú ìrúkèrúdò tí a ń pè ní Ifọ́lé, àwọn ìjòyè Ìbàdàn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ará ilé Kúdẹtì. Ṣùgbọ́n agbára ti tán nínú àwọn méjèèjì. Ní 1869 wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, 1870, Anna kú ní Martham ní Norfolk, ní ẹni ọdún 43. David tún padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá fún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ, ìjọ mẹ́ta ni ó wà ní Ìbàdàn: Kúdẹtì, Àrẹ̀mọ àti Ògùnpa. A kò rán òyìnbó mìíràn wá láti rọ́pò wọn. Daniel Olúbí, tí ó ti bá wọn wá láti Abẹ́òkúta ní ọ̀dọ́mọkùnrin láti máa ṣiṣẹ́ nínú ilé wọn, ni a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. A fi í jẹ oyè díákónì ní 1871, ó sì ṣe olùṣọ́ agbo náà títí ó fi di arúgbó. Samuel Johnson, tí baba rẹ̀ bá àwọn Hinderer wá sí Ìbàdàn ní 1858, dàgbà ní abẹ́ ojú wọn. Òun ni ó jẹ́ ońṣẹ́ àlàáfíà nígbà ogun Kírìjì, òun náà ni ó sì kọ ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ní 1950, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin C.M.S. tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1869, tí í ṣe arábìnrin ilé-ẹ̀kọ́ wa ti Bàrígà, darapọ̀ mọ́ ti Kúdẹtì ní Ìbàdàn. St. Anne's ni a sọ ọ́, orúkọ tí ó ń rán ni létí Anna.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ kíyèsí i pé kò sí ìwàásù ńlá kan nínú ìtàn yìí. Ilé kan ni ó wà níbẹ̀, tí a ṣí sílẹ̀. Ní Ṣómólú àti Bàrígà ilé fún mọ́ra wọn, yàrá kò tó, owó kò sì tó. Àwa pẹ̀lú sì ń sọ nígbà mìíràn pé nígbà tí Olúwa bá fún wa ní àyè ni a óò ṣe oore. Ilé amọ̀ tóóró ni Anna fi bẹ̀rẹ̀, inú ìyàn ni ó sì ti bọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ kan wà ní àdúgbò olúkúlùkù wa tí kò sí ẹni tí yóò pè é wá jẹun lálẹ́ òní. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí a ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Àmín.